Funfun Tí Mo Ń Pa Rẹ́ Nínú Ojú Fìyìn

Bí ó bá jẹ́ pé òní ni dókítà sọ fún yín pé jẹjẹrẹ ló wà nínú ojú ọmọ yín, ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, torí bí ẹ bá ti pe ẹnì kan, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ ka ohun tí mo kọ yìí tán ná. Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè bá mi sunkún. Èmi àti ìyàwó mi ti sun èyí tó tó wa. Mo kọ ọ́ nítorí pé mo ṣe àṣìṣe méjì, mi ò sì fẹ́ kí òbí mìíràn tún wọn ṣe.

Fọ́tò ni iṣẹ́ mi. Ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín obìnrin tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà, àti ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Pásípọ́ọ̀tù ni mò ń yà jù. Kí ẹ tó jẹ búrẹ́dì tán, mo ti yà yín, mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti gé e. Ohun tó sì ń mú kí àwọn ènìyàn máa wá mi kiri ni pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún ojú ènìyàn ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Bí irorẹ́ bá wà létí imú yín, mo máa pa á rẹ́. Bí ẹ ò bá sùn dáadáa, mo máa mú dúdú abẹ́ ojú yín kúrò. Mo ti sọ ọ̀pọ̀ òbùn di arẹwà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Mofìyìnfólúwa ni orúkọ tí a sọ ọmọ wa, Fìyìn la ń pè é. Òun ni àkọ́bí. Ìyá rẹ̀, Bọ́sẹ̀, ń ránṣọ nílé wa ní Òkókómáíkò, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ti ń ṣeré bí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ bá pọ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tó fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí oníbàárà bá ti jókòó síwájú aṣọ funfun tí mo ta sára ògiri, Fìyìn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, á na ìka sí ẹni náà, á ní, “Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.” Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ènìyàn kì í rẹ́rìn-ín nínú pásípọ́ọ̀tù. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀rín ni oníbàárà á bú sí, èmi á sì tún un yà.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, a wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè fún un, aṣọ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Mo lo fíláàṣì tó dára jù lọ tí mo ní. Nígbà tí mo gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, inú ẹyinjú ọ̀tún dúdú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n inú ti òsì ń dán funfun, bí ìgbà tí ènìyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ológbò lójú. Mo ní fíláàṣì ni. Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé fíláàṣì máa ń sọ ojú ènìyàn di pupa nínú fọ́tò. Èyí funfun, mo ní nǹkan kan náà ni. Mo gé dúdú inú ojú ọ̀tún, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti òsì, mo tún etí rẹ̀ ṣe dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, mo fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, ó ní, “Dèjì, o mọṣẹ́ o.” Inú mi dùn gan-an.

Ó tó oṣù mẹ́wàá tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Kérésìmesì, ti ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀, ti ọjọ́ Àìkú lásán tí ó wọ bàtà tuntun. Nígbà mìíràn funfun náà á wà, nígbà mìíràn kò ní sí, ó dá lórí ibi tó bá kọjú sí. Mo nu ojú kámẹ́rà. Mo pààrọ̀ fíláàṣì. Mo tilẹ̀ lọ bá ẹni tó tà á fún mi ní Alábà, mo bá a jà. Gbogbo nǹkan ni mo yẹ̀ wò, àfi ọmọ.

Ìgbà tó yá, ojú òsì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ imú. Àwọn aládùúgbò ní ó bá a mu. Ó ń fi èjìká òsì gbá ilẹ̀kùn, Bọ́sẹ̀ sì ń bá a wí pé kó máa wo iwájú. Bí ẹran bá wà ní apá òsì àwo rẹ̀, ó lè jẹ oúnjẹ tán kó máa béèrè ẹran. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú náà pọ́n, gbogbo ènìyàn sì di dókítà. Aládùúgbò wa kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ fún wàrà ọmú rẹ̀ sí i, wọ́n ní ó ń wo àpólò. Ẹni tó ni kẹ́míìsì fún wa ní oògùn tí à ń kán sójú. Ìyá mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. A lo gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ká ní àpólò ni, ì bá ti sá lọ.

Ọjọ́ tí ojú náà wú, tí Fìyìn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun, la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n wò ó, wọ́n kọ ìwé fún wa pé ká lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi ju tiwọn lọ, lápá ibòmíràn ní Èkó. Níbẹ̀, a dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn tó ti dé ṣáájú wa sì ti kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Àwọn tó mọ ibẹ̀ dáadáa gbé àpótí ìjókòó tiwọn wá láti ilé. Fìyìn sùn, ó jí, ó jẹun, ó tún sùn. Nígbà tó sú u, ó lọ dúró síwájú bàbá àgbàlagbà kan tó fi báńdéèjì di ojú méjèèjì, ó ní, “Ẹ gbé àgbọ̀n sókè.” Bàbá náà gbé e sókè. Oòrùn ti kọjá àtàrí kí wọ́n tó pè wá.

Dókítà náà obìnrin ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó tan iná kékeré sí ojú ọmọ náà, ó wò ó dáadáa.

“Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí funfun nínú ojú yìí?”

Bọ́sẹ̀ ní, “Funfun kẹ̀? Mà, a ò rí funfun kankan rí.”

“Ṣé ẹ ní fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù? Fọ́tò máa ń jẹ́ ká mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.”

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. “Fọ́tò? Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn o, Dókítà.” Ó na fóònù sí i.

Dókítà ń yí i lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ojú rẹ̀ dára níbí. Ó dára níbí náà. A jẹ́ pé kò tíì pẹ́ rárá.” Ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú lásán ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ mi wà lórí itan mi, àìsàn náà wà lójú rẹ̀, èmi sì ń ro ohun tí ìyàwó mi máa rò nípa mi.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ní kí Bọ́sẹ̀ máa gbé ọmọ lọ sílé, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Àwọn àwòrán tí mo yà kí n tó tún wọn ṣe ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, torí mi ò kì í jù wọ́n nù. Mo wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún méjì, funfun náà kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Nígbà Kérésìmesì, ó ti kún inú ẹyinjú. Mo tẹ gbogbo wọn, mo kó wọn sínú àpòòwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú Bọ́sẹ̀ dání, mo padà lọ, mo tò wọ́n sórí tábìlì dókítà. Mo ní, “Èmi ni mo pa á rẹ́, mà.”

Dókítà ò bú mi. Ó fa ìlà lórí ohun tó kọ lánàá, ó sì kọ òmíràn. Bọ́sẹ̀ gbé àwọn fọ́tò náà, ó wò wọ́n títí dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó rọra dá wọn padà sínú àpòòwé. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló ń bá mi sọ.

Ohun tí dókítà sọ kò lọ́jú pọ̀. Ojú òsì náà ò ríran mọ́. Kí àwọn yọ ọ́ kíákíá, kí wọ́n sì fa oògùn líle sí i lára, kí jẹjẹrẹ náà má baà gba ibẹ̀ wọ inú orí. “Ẹ̀mí rẹ̀ là ń wá,” ló sọ, “ojú ti lọ.” Ó ní ká má jẹ́ kó pẹ́.

Ó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jiyàn. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, lábẹ́ férémù yẹn, ó ní, “Kí wọ́n yọ ojú ọmọ mi? Dèjì, ta ló máa fẹ́ olójú kan? Kò sí irú ẹ̀ nínú ìran wa.” Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Abẹ́òkúta, ó ní àgbo kan wà níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ ń wo ojú mi pé kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbà lọ́kàn mi pé ẹni tó pa funfun rẹ́ kò ní ẹnu láti pàṣẹ mọ́. Èyí gan-an ni àṣìṣe mi kejì, òun ló sì ń dùn mí jù. Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ̀. Ti èkejì, mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Ẹni tó gbà wá ni ẹni tí ìyá mi rò pé yóò gbè é lẹ́yìn. Ìyá mi ní ká gbé Fìyìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kó máa gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìyá àdúrà tó wà níbẹ̀ gbé ọmọ náà sórí itan, ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó bi mí pé, “Kí ni dókítà ní kí ẹ ṣe?” Mo sọ fún un. Ó yíjú sí ìyá mi. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo máa gbàdúrà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ni mo máa lọ gba àdúrà náà. Ẹ má fi orúkọ mi dá ọmọ yìí dúró síbí.” Ìyá mi sunkún, ó sì dìde. Òun ló di ẹrù ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní kà á fún yín. Mo ta kámẹ́rà ńlá, Bọ́sẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó dára jù, a sì tọrọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ àkọ́kọ́ bóyá àwọn aláàánú kan wà tó ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àwa ò béèrè títí ó fi pẹ́, torí ojú ń tì wá.

Wọ́n yọ ojú náà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ohun tí mo rí lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń sáré. Oògùn líle náà mú irun orí rẹ̀ lọ, ó ń jẹ́ kó bì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sinmi ọjọ́ méjì, á ní ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A fi í sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n ní kó mú pásípọ́ọ̀tù wá. Mo yà á pẹ̀lú pílásítà funfun ní ojú òsì. Ọwọ́ mi ti mọ́ iṣẹ́ náà lára. Mo ṣí fọ́tò rẹ̀ àtijọ́, mo gé ojú kan níbẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ lé pílásítà náà. Fìyìn jókòó sórí itan mi, ó ń wò mí.

“Dádì, pílásítà mi dà?”

Mo ní, “Mo mú un kúrò, kó lè rẹwà.”

Ó fara balẹ̀ wo kọ̀ǹpútà náà. “Èmi kọ́ nìyí. Ẹ bá mi fi pílásítà mi sí i.”

Mo dá a padà. Òun nìkan ni fọ́tò rẹ̀ tí mi ò tún ṣe, ó gbé àgbọ̀n sókè nínú rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Táàmù kan péré ló lò nílé ìwé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Àwọn dókítà sọ òótọ́ fún wa pé ó ti dé inú orí. Oṣù méjì ló kù kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó kú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìkan wà lọ́wọ́ mi. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ẹbí wa ló lọ sin ín, wọn ò jẹ́ kí àwa òbí rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Kí a tó jí lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ti kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti gbogbo fọ́tò rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó ní ká má máa rí wọn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo mọ̀. Mo gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Màámi, mo ti fi ojú ọmọ yìí pa mọ́ rí. Mi ò tún ní fi í pa mọ́ mọ́.”

Mo mú fọ́tò méjì níbẹ̀, mo gbé wọn kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oníbàárà á ti kọ́kọ́ rí wọn. Ìkan ni ti aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, bí mo ṣe yà á gan-an, pẹ̀lú funfun inú ojú rẹ̀. Èkejì ni ti pílásítà. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Ọmọ mi nìyí. Bí ẹ bá rí irú funfun yìí nínú fọ́tò ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Àwọn kan ní kò bójú mu kí n gbé fọ́tò ọmọ tó ti kú kọ́ sójú ọ̀nà oúnjẹ mi. Èyí tó dùn mí ni ti Bọ́sẹ̀. Ó ní, “Ohun tí mò ń sá fún nílé lẹ gbé kọ́ sójú títì.” Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá gbé oúnjẹ wá fún mi, ẹnu ọ̀nà ló ti ń nà án sí mi.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá láti ẹ́sítéètì Ìbà, ó gbé ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún kan dání. Mo yà á. Nígbà tó hàn lórí kọ̀ǹpútà, mo rí i ní ojú ọ̀tún. Mo tún un yà, ó tún wà níbẹ̀.

Mo ní, “Mà, ẹ wá wo ojú ọmọ yín.”

“Fíláàṣì yín ni. Ẹ sáà bá mi tún un ṣe, mò ń kánjú.”

“Mi ò ní tún un ṣe.”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n ṣe.” Mo nawọ́ sí ògiri. “Ó lè má jẹ́ nǹkan kan, mà. Dókítà nìkan ló lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ.”

Ó ka ohun tí mo kọ, ojú rẹ̀ yí padà. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ti ọmọ yín sọ tèmi.” Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó jáde. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mẹ́ta mìíràn wà lójú ọ̀nà yẹn, mo sì mọ̀ pé èyí tó bá wọ̀ níbẹ̀, wọn á bá a pa á rẹ́.

Bọ́sẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mi. Ó gbé abọ́ náà lé ilẹ̀, ó sì tẹ̀ lé obìnrin náà. Mo gbọ́ tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Èmi ni ìyá ọmọ tó wà lára ògiri yẹn.” Wọ́n dúró sójú oòrùn, mi ò gbọ́ ìyókù. Ìgbà tó yá, Bọ́sẹ̀ padà wá mú báàgì rẹ̀. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síwájú fọ́tò méjèèjì, ó wò wọ́n. Ó ní, “Mò ń tẹ̀ lé e lọ. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà nílé ìwòsàn yẹn.”

Jẹjẹrẹ náà ni. Wọn ò jiyàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bọ́sẹ̀ ti ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. A ti bí àbúrò Fìyìn, Rẹ̀mílẹ́kún. Dókítà ní kí wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò látìgbàdégbà, a ò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Ojú rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ìyá mi ló ń gbé e lọ, òun ló ń mú àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí mi ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń ṣí i lọ́jọ́ kejì.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin ẹ́sítéètì Ìbà náà padà wá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé, ó ti ń sáré kiri, ojú kan ni ó fi ń wo gbogbo nǹkan, kò sì sí ohun tí kò fọwọ́ kàn. Mo gbé e jókòó síwájú aṣọ funfun. Mo ní, “Gbé àgbọ̀n sókè.” Ó gbé e sókè. Láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ níta, Bọ́sẹ̀ ké sí i, “Má rẹ́rìn-ín o.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, mo sì yà á bẹ́ẹ̀. Mo mọ òfin pásípọ́ọ̀tù. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gé e, mo fún ìyá rẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀.